Aáyù Ẹ̀yìnkùlé: Gbígbìn Rẹ̀, Pípa Á Mọ́ àti Fífi Í Se Ọbẹ̀

Aáyù tí àwọn ìyàwó ilé fi ń se ọbẹ̀ ní Jọbẹlẹ, ní Fìdítì àti ní Ìlọrà, ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń wá. Ọkọ̀ ẹrù ni ó ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ilẹ̀ Hausa wá sí àwọn ọjà Ìbàdàn. Òmíràn ń gba orí òkun wọlé láti China, orílẹ̀-èdè tí ó ń gbin nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo aáyù ayé. Kí ó tó dé ìdí ààrò, owó ọkọ̀, owó alágbàrù àti èrè alájàpá ti gorí ara wọn lé e lórí. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé àwọn ènìyàn ń béèrè bóyá a kò lè gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìdáhùn ìbéèrè náà ni pé a lè gbìn ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ará Sokoto ti ń gbìn ín, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ìrètí kan náà. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè fi owó àti agbára ṣòfò. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò rí ewé fún ọbẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì lè rí orí díẹ̀ kún un. Ẹ̀kọ́ yìí ṣe àlàyé bí a ó ti gbin aáyù, bí a ó ti pa á mọ́ kí ó má bàa jẹrà, àti bí a ó ti sè é láìsí ewu.

IRÚ OHUN Ọ̀GBÌN TÍ AÁYÙ JẸ́

Ọmọ ìyá ni aáyù àti àlùbọ́sà. Àwọn méjèèjì ń ta orí sínú ilẹ̀, ewé wọn a sì dúró ṣánṣán sókè. Ṣùgbọ́n ìpele lórí ìpele ni orí àlùbọ́sà, nígbà tí orí aáyù pín sí awẹ́ awẹ́ bí obì àbàtà. Àgbẹ̀ kì í wá kóró aáyù láti gbìn. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan ni irúgbìn rẹ̀. Awẹ́ kan tí a rì sínú ilẹ̀ ni ó ń di odindi orí, bí ojú ọjọ́ bá bá a lára mu.

Àárín gbùngbùn Éṣíà, níbi tí òtútù ti ń mú gidigidi ní apá kan ọdún, ni aáyù ti ṣẹ̀ wá. Ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń bá ọmọ ènìyàn gbé. Nígbà tí a ṣí ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì àtijọ́, ní ọdún 1922, a bá orí aáyù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọba náà ti wà nínú ibojì fún ohun tí ó lé ní 3,000 ọdún. Tafarnuwa ni àwọn Hausa ń pè é, àwọn ni wọ́n sì mọ gbígbìn rẹ̀ jùlọ ní Nàìjíríà.

ÌDÍ TÍ ÒTÚTÙ FI ṢE PÀTÀKÌ

Nítorí pé inú òtútù ni ó ti ṣẹ̀, aáyù kì í gbàgbé òtútù. Lẹ́yìn tí awẹ́ bá ti hù, ó fẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí afẹ́fẹ́ tutù dáadáa, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìdí rẹ̀ sí awẹ́. Bí kò bá rí òtútù yìí, ewé ni yóò máa yọ ṣáá. Ìdí rẹ̀ yóò tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti àlùbọ́sà eléwé, tàbí kí ó di orí kékeré kan ṣoṣo, róbótó, tí kò ní awẹ́ nínú.

Ní Sokoto, Kebbi, Kano, Jigawa àti Katsina, àwọn àgbẹ̀ ń gbin aáyù nínú oṣù Ọkitóbà àti Nofẹ́mbà, nígbà tí òjò ti dá. Omi odò àti ti adágún tí ìjọba ṣe ni wọ́n fi ń bomi rin ín. Ní Kano, òtútù òru nínú oṣù Jánúárì máa ń bọ́ sí nǹkan bí 13 °C. Òtútù yìí gan-an ni aáyù ń dúró dè.

Ọyẹ́ ń fẹ́ ní Jọbẹlẹ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọyẹ́ méjèèjì kò dọ́gba. Ní agbègbè Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, nǹkan bí 20 °C ni òru ọyẹ́ sábà máa ń jẹ́, ọ̀sán rẹ̀ a sì gbóná kọjá 30 °C. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ tí ó bá ya éékà kan sọ́tọ̀ fún aáyù ní Jọbẹlẹ, tí ó ń retí àti kó o ní àpò àpò bí ará Sokoto, fi dà bí ẹni tí ń fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ilẹ̀ tí ó ń so ọsàn, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ata dáadáa, kò yẹ kí a gba àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí aáyù. Ebè kan tàbí méjì lẹ́yìn ilé ni ó bójú mu. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn ọgbà ti ìjọba àpapọ̀, tí a ń pè ní NIHORT, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, wà ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn, kò sì jìnnà sí Jọbẹlẹ. Ó ní ẹ̀ka kan ní Bagauda nítòsí Kano. Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ti ìjọba ìbílẹ̀ Afìjíò, tí Jọbẹlẹ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, náà lè tọ́ àgbẹ̀ sọ́nà.

YÍYAN IRÚGBÌN ÀTI MÍMÚ KÍ Ó TUTÙ

Aáyù tí ó wá láti ilẹ̀ Hausa ni ó dára jù fún irúgbìn. Ó ti mọ ilẹ̀ Nàìjíríà lára, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ kéré ju ti òkè òkun lọ. Aáyù ńlá funfun tí ń ti òkè òkun wá, ojú ọjọ́ mìíràn ni a tọ́ ọ fún, a sì ti ṣe òmíràn nínú rẹ̀ lọ́nà tí kì yóò fi tètè hù. Orí tí ó le, tí ó wúwo lọ́wọ́, tí èèpo rẹ̀ kò ya, ni kí a mú. Awẹ́ tí ó tóbi ni a ń gbìn. Àwọn wẹ́wẹ́ wà fún ìkòkò.

Níwọ̀n bí òtútù ilẹ̀ wa kò ti tó, a lè wá òtútù fún irúgbìn kí a tó gbìn ín. A ó fi odindi orí aáyù, láì tíì ya á ní awẹ́, sínú àpò bébà, a ó sì gbé e sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Kì í ṣe ibi tí omi ti ń di yìnyín ni a ó gbé e sí, bí kò ṣe ìsàlẹ̀ níbi tí a ń kó ẹ̀fọ́ sí. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹni tí kò bá ní fíríìjì lè bẹ ẹni tí ń ta omi tútù pé kí ó bá òun gbé e sí igun kan. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Sẹ̀tẹ́mbà, irúgbìn yóò ti ṣetán ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Nofẹ́mbà. Èyí ń ran aáyù lọ́wọ́ láti ta orí, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di dandan. Iná mànàmáná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lè ba òtútù náà jẹ́, ooru oko sì lè borí rẹ̀.

GBÍGBÌN ÀTI ÌTỌ́JÚ

Aáyù fẹ́ ilẹ̀ tí ó rọ̀, tí omi kì í dúró sí, tí oòrùn sì ń tàn sí. Kò yẹ kí a gbìn ín síbi tí àlùbọ́sà ti wà láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí pé àrùn kan náà ni ó ń bá àwọn méjèèjì jà. A ó kọ ebè tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 3, tí ó ga ní ìdajì ẹsẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà di dúdú, tí kò rùn mọ́, ni kí a pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀ náà. Ìgbẹ́ tútù yóò jó gbòǹgbò rẹ̀.

Ọjọ́ tí a ó gbìn ín ni kí a ya orí sí awẹ́, kí a má sì bó èèpo awẹ́ náà. Ibi pẹlẹbẹ tí gbòǹgbò ti ń jáde ni yóò wà nísàlẹ̀, ẹnu ṣóńṣó ni yóò wà lókè. A ó rì í ní íǹṣì 2. Àlàfo íǹṣì 4 yóò wà láàárín awẹ́ sí awẹ́, íǹṣì 8 láàárín ìlà sí ìlà. Lórí ìṣirò yìí, ebè tí ó gùn ní ẹsẹ̀ 6 yóò gba ìlà 4 àti nǹkan bí awẹ́ 70. Bí orí kan bá ní awẹ́ 10, orí aáyù 7 péré ni a ó rà fún irúgbìn. Ìnáwó náà kò pọ̀ jù fún ẹni tí ó fẹ́ dán an wò.

Koríko gbígbẹ ni a ó fi bo ebè náà, kí oòrùn má bàa fa omi rẹ̀ gbẹ, kí ilẹ̀ sì lè tutù. Agolo tí a dálu ní ìdí dára fún bíbomi rin ín. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sábà máa ń tó, ní òwúrọ̀, ní ìdí ewé, kì í ṣe lórí rẹ̀. Àpọ̀jù omi a máa mú kí ìdí rẹ̀ jẹrà. Ọwọ́ ni kí a fi tu koríko inú ebè, nítorí pé gbòǹgbò aáyù kò jinlẹ̀, ọkọ́ a sì tètè gé e. Bí àmì aláwọ̀ àlùkò bá yọ lára ewé, kí a gé ewé náà, kí a sì sun ún. Ó yẹ kí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí ebè ká, nítorí pé adìẹ yóò tú u láàárín wákàtí kan.

Ó dára kí a pín ebè náà sí méjì. Ìlà méjì yóò wà fún ewé. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà, a lè máa gé ewé kan tàbí méjì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó wà lóde ni ká sì gé, kí a fi àárín sílẹ̀ kí ó máa rú. Ìlà méjì tí ó kù yóò wà fún orí. A kò gbọdọ̀ gé ewé wọn, nítorí pé oúnjẹ tí ewé bá sè ni orí ń jẹ. Bí ìlà méjì yìí kò bá ta orí, ewé wọn àti ìdí wọn ṣì jẹ́ oúnjẹ.

ÌKÓRÈ

Láti ìparí oṣù Fẹ́búárì sí oṣù Máàṣì ni kí a máa wo ewé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ìdá kan nínú mẹ́ta ewé bá ti gbẹ, kí a dáwọ́ omi dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà kí a fi ọkọ́ kékeré tú ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí a gbé e jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí a má ṣe fà á tu, kí a má ṣe fọ̀ ọ́, kí a má sì ṣe jù ú mọ́lẹ̀. Ojú ibi tí ó bá họ ni yóò ti kọ́kọ́ jẹrà. Ó ṣe pàtàkì kí iṣẹ́ yìí parí kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orí tí òjò bá nínú ilẹ̀ kì í pẹ́ nílé.

PÍPA Á MỌ́

Bí ó ti wù kí ó rí, ilé tí kò gbin aáyù rárá ṣì ní láti mọ bí a ti ń pa á mọ́, nítorí pé owó tí ó jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀ kò yàtọ̀ sí owó tí ó bọ́ sọ nù lójú ọ̀nà.

Aáyù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, kí a tò ó sí abẹ́ òjìji, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta pẹ̀lú ewé rẹ̀. Nígbà tí èèpo bá ń dún bí bébà tí ọrùn rẹ̀ sì gbẹ, a lè di í ní ìdì ìdì kí a so ó rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí kí a kó o sínú àpò alájọ̀ọ́ tàbí apẹ̀rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Àpò ọ̀rá kò dára fún un, nítorí pé òógùn rẹ̀ yóò sé mọ́ ọn lára, yóò sì bu. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi kò dára fún un pẹ̀lú.

Fíríìjì náà kò yẹ fún odindi orí aáyù tí a fẹ́ jẹ. Òtútù tí a fi jí irúgbìn lójú oorun ni yóò jí ti ọbẹ̀ náà, yóò sì hù. Awẹ́ tí ó hù kò ní májèlé. A lè jẹ ẹ́ tàbí kí a gbìn ín fún ewé. Èyí tí ó rọ̀, tí ó ṣomi, tàbí tí ó bu, ni a ń dànù. Kí a máa yẹ apẹ̀rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí pé ọ̀kan tí ó jẹrà a máa kó ran ìyókù.

Bí aáyù bá pọ̀ tí ó sì ń fẹ́ bàjẹ́, kí a bó o, kí a gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí a sá a lábẹ́ àwọ̀n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn títí yóò fi máa ṣẹ́ pẹ́kẹ́. Bí a bá lọ̀ ọ́ kúnná tí a sì dé e pa sínú ìgò gbígbẹ, yóò wúlò nígbà òjò.

EWU AÁYÙ INÚ ÒRÓRÓ

Àwọn kan a máa gé aáyù tútù sínú òróró, wọn a sì gbé ìgò náà sórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àṣà yìí lè pa ènìyàn. Ní ọdún 1985, ní ìlú Vancouver ní Kánádà, ènìyàn 36 ni àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní botulism mú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ aáyù gígé inú òróró tí a kò fi sínú òtútù.

Báyìí ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé inú ilẹ̀, ó sì ń bá aáyù wọlé. Níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kò lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òróró sé afẹ́fẹ́ mọ́, inú ìgò lọ́wọ́ọ́rọ́, kò sì sí ọtí kíkan níbẹ̀ tí yóò dí i lọ́wọ́. Nígbà náà ni yóò máa pọ̀ sí i, yóò sì tú oró rẹ̀ sínú òróró. Oró náà kò rùn, kò sì yí àwọ̀ tàbí adùn oúnjẹ padà. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lè máa rí nǹkan ní méjì méjì, ìpéǹpéjú rẹ̀ lè wó wálẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè má gbé nǹkan mì, ara rẹ̀ a sì máa kú tipiri. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀nà àbò kò nira. Èyí tí a ó jẹ tán lọ́jọ́ náà ni kí a gé sínú òróró. Aáyù gbígbẹ àti odindi orí ni a ń pa mọ́ fún ọjọ́ iwájú.

SÍSÈ RẸ̀

Odindi awẹ́ aáyù kò fi bẹ́ẹ̀ rùn. Nígbà tí a bá gé e tàbí tí a tẹ̀ ẹ́ fọ́ ni èròjà méjì tí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ pàdé, tí wọ́n sì bí òórùn líle náà. Ní ọdún 1944, Chester Cavallito àti John Bailey, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, yọ èròjà olóòórùn yìí sọ́tọ̀, wọ́n sì pè é ní allicin. Nítorí náà, ó dára kí a tẹ aáyù fọ́, kí a fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a tó gbé e kaná. Nígbà náà ni òórùn rẹ̀ yóò ti jáde tán. Kí ó má sì ṣe jóná nínú òróró, nítorí pé yóò korò, kíkorò rẹ̀ yóò sì gba gbogbo ọbẹ̀.

Awẹ́ kan tàbí méjì tó fún ìkòkò ọbẹ̀ ata tí ènìyàn márùn-ún yóò jẹ. A lè lọ̀ ọ́ mọ́ ata àti àlùbọ́sà, tàbí kí a fi í bọ ẹran pẹ̀lú iyọ̀ àti atalẹ̀. Ó bá ẹja tútù mu, ó sì bá mọ́ínmọ́ín mu bí a bá lọ awẹ́ kan mọ́ ẹ̀wà. Ewé rẹ̀ ni ti ọgbà Jọbẹlẹ gan-an. A ń rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, a sì ń dà á sínú ẹ̀fọ́ rírò, ẹyin díndín tàbí ọbẹ̀ ẹja nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí a sọ ìkòkò kalẹ̀. Adùn rẹ̀ rọ̀ ju ti awẹ́ lọ, kò sì ní ìnáwó lẹ́yìn omi àti ìtọ́jú.

AÁYÙ ÀTI ÌLERA

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ aáyù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwádìí fi hàn pé ó lè mú un wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dípò oògùn tí dókítà bá fún ni. Ẹni tí ó bá dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí aáyù ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Aáyù púpọ̀ a máa fa kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì. Nítorí náà, ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí ẹni tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà pé òun ń jẹ ẹ́. Kí a má sì ṣe di aáyù tútù mọ́ ara ọmọdé, nítorí pé ó lè bó o lára bí iná.

ÈRÈ TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Ilé tí ó bá ṣe ebè kan nínú oṣù Nofẹ́mbà, tí ó sì bomi rin ín dé oṣù Máàṣì, yóò máa gé ewé fún bí oṣù mẹ́ta, yóò sì mọ̀ fúnra rẹ̀ ohun tí ilẹ̀ tirẹ̀ lè ṣe. Bí orí bá jáde tí ó ní awẹ́, kí a yan àwọn tí ó tóbi jù pa mọ́ fún irúgbìn ọdún tí ń bọ̀, nítorí pé wọ́n ti fi hàn pé wọ́n lè fara da ooru ibẹ̀. Bí kò bá jáde, orí aáyù 7 péré ni ó ná an, ewé tí ó jẹ sì ti san án padà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ILÉ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ó fà á tí aáyù fi ń ta orí dáadáa ní Kano ju Jọbẹlẹ lọ?
2. Èwo nínú ẹ̀yìnkùlé ilé yín ni omi kì í dúró sí, tí oòrùn sì ń tàn sí?
3. Kí ni ìdí tí fíríìjì fi dára fún irúgbìn aáyù, tí kò sì dára fún odindi orí tí a fẹ́ jẹ?
4. Kí ni ó mú kí aáyù inú òróró léwu, bí kò tilẹ̀ rùn?
5. Bí àgbẹ̀ kan bá fẹ́ gbin éékà aáyù kan ní Afìjíò, ìmọ̀ràn wo ni ó yẹ kí a gbà á?